Ìwádìí Ìjìnlẹ̀ lórí Tóótó Abẹ́ Lẹ́tà, àti Ohun Tí Ojú Rẹ̀ Ń Rí Lọ́wọ́ Ọ̀dà ní Sakété àti Pobè

Àbá àkọ́kọ́ tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ ni pé ìwé Yorùbá tí ẹ̀dà rẹ̀ pọ̀ jù lọ kò sí ní ilé ìkàwé kankan. Ara ògiri ló wà. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni: Ẹ MÁ TỌ̀ SÍBÍ. Kò ní orúkọ òǹkọ̀wé, kò ní ọdún ìtẹ̀jáde, àwọn tí a sì kọ ọ́ fún kì í dúró kà á tán kí wọ́n tó ṣe èyí tó wà lọ́kàn wọn. Ṣùgbọ́n fún àwa tí iṣẹ́ wa jẹ mọ́ lẹ́tà tí a fi ọwọ́ yà, ìwé tó ṣe kókó ni. Ẹ jẹ́ kí òjò pa ògiri náà títí tóótó abẹ́ Ọ yóò fi ṣí kúrò. Ohun tó kù ni Ẹ MÁ TÒ SÍBÍ. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tó bá tọ̀ síbẹ̀ kò rú òfin kankan. Àwọn tó tò lẹ́sẹẹsẹ nítorí àtira búrẹ́dì ni ó yẹ kí wọ́n máa wẹ̀yìn.

Sakété àti Pobè la fi ṣe ibi ìwádìí nítorí pé ibẹ̀ ni lẹ́tà Yorùbá ti ní ẹjọ́ jù. Ìlú méjèèjì wà ní ẹkùn Plateau, ní gúúsù ìlà-oòrùn Benin, níbi tí èèyàn ti lè jẹ ẹ̀kọ àárọ̀ lábẹ́ ìjọba kan kó sì jẹ àmàlà ọ̀sán lábẹ́ òmíràn. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé ààlà. Wọ́n pín ilẹ̀, wọ́n pín àna kúrò lọ́dọ̀ àna. Kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ lẹ́tà Ẹ pé apá ibo ló fẹ́ gbé.

Bí ọ̀ràn náà ṣe lọ nìyí. Ní apá Nàìjíríà, tóótó ti wà lábẹ́ lẹ́tà láti ayé àwọn míṣọ́nnárì. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì kan, Lepsius, tí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an jẹ́ kíka àwòrán-ọ̀rọ̀ Íjíbítì, gbé álífábẹ́ẹ̀tì kan jáde ní 1855, èyí tó fẹ́ kí gbogbo ayé máa lò. Àjàyí Crowther àti àwọn míṣọ́nnárì CMS mú un, wọ́n gé e síbí, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀, wọ́n sì ṣèpàdé lórí rẹ̀ ní Èkó ní 1875. Nígbà tí Nàìjíríà tún àkọtọ́ ṣe ní 1974, wọ́n lé àwọn lẹ́tà tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ kúrò, wọ́n fi tóótó sílẹ̀ sáyè rẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn èyí, ní 1975, Benin fi álífábẹ́ẹ̀tì kan lélẹ̀ fún gbogbo èdè ilẹ̀ rẹ̀, kí Fọ̀n, Gùn àti Yorùbá lè máa jẹun nínú àwo kan. Ọdún yẹn kan náà ni orílẹ̀-èdè náà bọ́ orúkọ Dahomey sílẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè sọ pé lẹ́tà nìkan ni wọ́n dojú kọ. Ẹ di Ɛ, Ọ di Ɔ, Ṣ di SH, P tiwa di KP. Lẹ́tà Yorùbá jẹ́ 25 níhà Nàìjíríà, ó jẹ́ 26 níhà Benin.

Ó tún ku àkọtọ́ kẹta, èyí tí ìpàdé kankan kò jókòó ṣe: ti akọ̀wé tó ń kọ ìwé ìbí lọ́nà Faransé. Òun ló sọ Ṣ di CH, ó sọ U di OU, ó sọ J di DJ, ó sì fi òǹtẹ̀ lù ú.

Ẹni tó bá mọ̀wé á ní ohùn kan náà ni gbogbo rẹ̀. Oníṣẹ́ ọ̀dà kò ní gbà. Ohun tí búrọ́ọ̀ṣì bá yà ni òun ń kà. Ẹ jẹ́ ká mú télọ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Olúwaṣẹ́gun, tó fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ náà sára ìsọ̀ òun, níbi tí owó bá ti wà lórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí a bá kọ ọ́ bíi ti Ìbàdàn, lẹ́tà 10 ni. Bí a bá tẹ̀ lé òfin 1975, Oluwashɛgun, ó di 11. Bí ó bá mú ìwé ìbí rẹ̀ dání, Olouwachegoun, 13 ni. Olúwa kan náà, ìṣẹ́gun kan náà, owó mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. A ò tíì rí ìwé ètò ọrọ̀ ajé tó ka èyí mọ́ ìdí tí télọ̀ ẹnu ààlà fi ń fi iye kún owó ìránṣọ.

Ohun tí ìṣirò yìí fi hàn ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé tóótó kò sí nínú rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ohun tó bá sì jẹ́ ọ̀fẹ́, ọwọ́ òsì la fi ń ṣe é. Oníbàárà á wo ògiri, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, tóótó abẹ́ ẹ̀ ńkọ́?" Oníṣẹ́ ọ̀dà á wo oníbàárà, á ní, "Àbúrò, ṣé o sanwó tóótó ni?" Ìjíròrò yìí kúrú, ṣùgbọ́n gbogbo ìtàn àkọtọ́ Yorùbá lórí ògiri ló wà nínú rẹ̀.

Kí a tó lọ síwájú, a ní láti mẹ́nu kan pátákó orúkọ ìlú. POBÈ ni bí a bá fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́, Pobè bí a bá fi kékeré kọ ọ́. Faransé tó bá rí è yìí yóò la ẹnu, nítorí lọ́dọ̀ tirẹ̀, ìlà orí e ń sọ bí ẹnu ṣe máa là tó. Ará Ìlaròó tó bá rí è kan náà yóò rẹ ohùn sílẹ̀. Èèyàn méjì lè dúró síwájú pátákó kan náà, kí ọ̀kan la ẹnu, kí èkejì rẹ ohùn, kí àwọn méjèèjì sì bá ọ̀nà wọn lọ pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀ pé àwọn ti pe orúkọ ìlú náà bó ṣe yẹ. Ní Sakété, òdìkejì ni: Faransé á pa ẹnu dé díẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, Yorùbá á gbé ohùn sókè lẹ́ẹ̀mejì. A ò dá sí ìjà náà. Ohun tó kàn wá ni pé ìlà kékeré tí oníṣẹ́ ọ̀dà fi sórí e yẹn ní ọ̀gá méjì, ọ̀gá kan ṣoṣo ló sì sanwó.

A wá dé ìmọ̀ ìkán-ọ̀dà, tí ó jẹ́ ọkàn ìwádìí yìí. Ọ̀dà tí wọ́n bu kẹrosínì lé jù kì í dúró síbi tí a fi í sí. Ó ń ṣàn wálẹ̀, ó ń kó jọ sí ìdí lẹ́tà, nígbà tó bá sì wúwo tán, á kán. Ó máa ń kó jọ ju ti ibikíbi lọ sí ìdí lẹ́tà tí ikùn rẹ̀ rí roboto. Ẹ wá wo àwọn lẹ́tà mẹ́ta tí Yorùbá ń fi tóótó sí lábẹ́: e, o, s. Gbogbo wọn ló ní ìdí roboto. Ìyẹn ni pé ibi tí ọ̀dà fúnra rẹ̀ ti máa ń fẹ́ kán gan-an ni ìpàdé Èkó ní kí tóótó wà. Bóyá Lepsius mọ èyí, bóyá kò mọ̀ ọ́n, kò sí oníṣẹ́ ọ̀dà tó lè gbà pé lásán ni. Wàhálà tó bá a wá ni pé o tó ti kán kò yàtọ̀ sí ọ tí a dìídì yà. Alágbàṣe tó bá po ọ̀dà tó ṣàn jù lè sọ "oko" di "ọkọ" láìfọwọ́ kàn án, kó sì dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nínú ilé onílé.

Ilẹ̀ náà kò sì gbẹ́yìn. Ilẹ̀ Plateau pupa fòò. Òun ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní terre de barre lédè Faransé. Àkókò òjò sì jẹ́ méjì lọ́dún ní gúúsù Benin. Bí òjò bá ń lu ilẹ̀ pupa, ó ń ta ẹrẹ̀ sára ògiri títí dé orúnkún àgbàlagbà, tóótó lẹ́gbẹ̀ẹ́ tóótó. Láti inú èyí la ti fa òfin kan yọ: lórí ògiri kan náà, òjò ń fọ tóótó òkè dànù, ó ń fi tóótó kún ti ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a bá kọ sókè yóò pàdánù ìtumọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èyí tí a bá kọ sísàlẹ̀ yóò ní ìtumọ̀ ju bí a ṣe fẹ́ lọ. Ibi tí Yorùbá ti ṣeé kà dáadáa kò ju àárín ògiri lọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì máa ń lẹ àwòrán òṣèlú mọ́.

Nínú irú ipò báyìí ni a ti dá a lábàá pé kí a ṣe ojú lẹ́tà tuntun kan, tí a ó fi ọwọ́ yà, tí ilẹ̀ Nàìjíríà àti ti Benin yóò lè jọ lò. Orúkọ rẹ̀ ni Lẹ́tà Ọ̀pẹ. Ohun èlò ni a kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Tàdáwà ni baba gbogbo wọn. Àwọn àlùfáà Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ti ń fi í kọ ọ̀rọ̀ sórí wàláà tipẹ́ kí Faransé tó dé: èédú tàbí dúdú èéfín, oje igi, omi, kálàmù tí a gbẹ́. Ohun tó mú un yàtọ̀ sí inkì mìíràn ni pé a lè fi omi fọ ọ̀rọ̀ náà kúrò lórí wàláà, kí a sì mu ún. Òun ni wọ́n ń pè ní hàntú. Ẹ wo irú ìwé tí èèyàn lè kà tán kó sì gbé mì. A fi dandan lé e pé ọ̀dà tí wọ́n ń tà nínú agolo kò sí nínú ètò yìí, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ tí a fi kọ náà wúlò fún ara tó. Ìyẹ́ adìẹ náà wúlò, nítorí àwọn aláàdìrẹ ẹlẹ́kọ ní Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ti fi í ya ìlà tó tín-ín-rín ju irun lọ pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún. Pákò pẹ̀lú: bí a bá rún ẹnu rẹ̀ tó, búrọ́ọ̀ṣì ni. Àǹfààní rẹ̀ ni pé oníṣẹ́ á ti fọ ẹnu kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹni tó bá gbàgbé tó padà fi sẹ́nu yóò rántí.

Ọ̀rọ̀ páànù kò ṣeé fo. Ní 1935, nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì pé ọdún 25 lórí ìtẹ́, àwọn aláàdìrẹ gé ojú ọba àti olorì rẹ̀ sára páànù, pẹ̀lú lẹ́tà, wọ́n fi ṣe aṣọ Jubilee. Páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń wà nínú àpótí tíì ni wọ́n máa ń gé. Ẹni tó bá ti gé lẹ́tà sára páànù rí mọ̀ pé o ni ọ̀tá rẹ̀. Bí o bá gé o yípo tán, àárín rẹ̀ á já bọ́. O ní láti fi afárá kékeré so ó mọ́ ara páànù. Bẹ́ẹ̀ ni e. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo lẹ́tà tó ní yàrá tí a ti pa dé. Ṣùgbọ́n ɛ kò ní yàrá tí a pa dé. Ɔ kò ní. Ẹnu wọn là sílẹ̀, afárá kò kàn wọ́n. Nítorí náà, ní ti páànù, Benin ló jàre, kò sì sí ohun tí Ìbàdàn lè sọ sí i. Tóótó nìkan ni Nàìjíríà lè fi gbèjà ara rẹ̀: ìṣó kan péré ló ń lu ú.

Ní ti búrọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ yí padà. Ɔ jẹ́ C tó kẹ̀yìn sí wa, ọwọ́ tó ti kọ́ C láti ilé ìwé kékeré kì í fẹ́ yà á. Àwọn ọmọdé tún wà tó gbà pé o tí kò tíì parí ni, wọ́n á sì fi èédú bá a parí rẹ̀.

Pobè ló gbà wá. Láti 1922 ni ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà nílùú náà, níbi tí wọ́n ti ń yan irúgbìn ọ̀pẹ tó lépo fún àgbẹ̀. Ìmọ̀ wọn kò jẹ mọ́ lẹ́tà lójú ẹni tí kò ronú jinlẹ̀. Ọ̀pẹ pín sí mẹ́ta nípa èèpo líle tó bo ekùrọ́. Èyí tí èèpo rẹ̀ nípọn ni wọ́n ń pè ní dura. Èyí tí kò léèpo rárá ni pisifera. Èyí tí èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́ ni tenera, òun ló sì ń mú epo wá jù, nítorí àyè tí èèpo ìbá gbà, ẹran ara ẹyìn ló gbà á. Ní 1941, Beirnaert àti Vanderweyen, àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù méjì tó ń ṣiṣẹ́ ní Kóńgò, fi hàn pé ohun kan ṣoṣo nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pẹ ló ń darí gbogbo èyí: bí a bá fi dura pọ̀ mọ́ pisifera, gbogbo ọmọ wọn á jẹ́ tenera.

Ẹ gé ekùrọ́ sí méjì lọ́gbọọgba, ẹ tẹ ojú rẹ̀ bọ inú tàdáwà, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí abẹ́ lẹ́tà o. Dura á fún yín ní òrùka tó nípọn: tóótó Nàìjíríà nìyẹn, tó wúwo, tó fẹ́ kí gbogbo ayé rí òun. Pisifera kò ní òrùka láti tẹ̀: ɔ ti Benin nìyẹn. (Àwọn onímọ̀ ọ̀pẹ sọ pé òdòdó pisifera máa ń gbẹ dànù láì so. Mi ò ní sọ ju báyìí lọ, nítorí mo ní ọ̀rẹ́ ní Pobè.) Tenera á fún yín ní òrùka fẹ́lẹ́. Òun la yàn fún Lẹ́tà Ọ̀pẹ: tóótó tín-ín-rín tó fara kan ìdí lẹ́tà, tí kò dá dúró, tí òjò kò lè mú lọ láìjẹ́ pé ó mú gbogbo lẹ́tà náà lọ. Ìfarakàn yìí tún yanjú ìṣòro kan tó ti pẹ́. Oníṣẹ́ ọ̀dà fẹ́ràn láti fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kó lè dùn-ún wò, ìlà náà á sì gbé gbogbo tóótó mì. Ìdí nìyẹn tí àwọn atẹ̀wé kan fi ń lo ìlà òòró kékeré dípò tóótó. Ìlà òòró lè gún ìlà gbọọrọ já. Tenera náà lè gún un.

Ohun tí ìmọ̀ ọ̀pẹ tún sọ fún wa nípa ọjọ́ iwájú kò yẹ kí a fi pamọ́. Bí bàbá bá kàwé ní Ìlaròó tí ìyá kàwé ní Pobè, gbogbo ọmọ wọn á kọ tóótó fẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọ tenera bá fẹ́ ọmọ tenera, nínú ọmọ-ọmọ mẹ́rin, ọ̀kan á padà sí tóótó tó nípọn, ọ̀kan kò ní fi tóótó sí nǹkan kan mọ́, méjì ni yóò ṣe bí òbí wọn ti ṣe. Kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ẹnu ààlà ti bẹ̀rẹ̀ sí í múra sílẹ̀.

Àwọn kan á ní kí ló dé tí a ń da ara wa láàmú lórí lẹ́tà òyìnbó. Wọn kò jẹ̀bi. Ní apá ibi tiwa yìí, lẹ́tà tuntun máa ń gba ojú àlá wọlé. Bukele ará Vai lá àlá, ní Làìbéríà, ní bíi 1833. Ọba Njoya náà lá tirẹ̀ ní Kamẹrúùnù. Bruly Bouabré rí ìran ní 1948, ó sì ya ọgọ́rọ̀ọ̀rún àmì fún èdè Bété ní Côte d'Ivoire. Ní 2011, ní Benin níhìn-ín, olóyè Tolúlàṣẹ Ògúntósìn sùn, ó jí pẹ̀lú álífábẹ́ẹ̀tì Odùduwà. Àkíyèsí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ṣoṣo la ní: kò sí èyíkéyìí nínú àwọn àlá wọ̀nyí tí a gbọ́ pé ó sọ irú búrọ́ọ̀ṣì tí a ó lò, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tó dárúkọ ẹni tí yóò san owó ọ̀dà. Ìpàdé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní àbùkù tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń sanwó ọkọ̀.

Kí lẹ́tà tí a yà tó lè di fọ́ńtì, a ní láti fi fóònù yà á ní àwòrán, kí a gbé e sínú kọ̀ǹpútà, kí a fi FontForge, tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́, fa etí rẹ̀ yípo. Ibẹ̀ la ti rí ohun tó yani lẹ́nu. Nínú Unicode, tí ó jẹ́ ìwé ìkànìyàn gbogbo lẹ́tà ayé, ẹ wà ní ilé 1EB9, ọ wà ní 1ECD, àárín àwọn lẹ́tà Vietnam ni wọ́n sì ń gbé. Faransé jọba lórí Vietnam gẹ́gẹ́ bó ti jọba lórí Dahomey. Vietnam ti ní tóótó abẹ́ lẹ́tà nínú ìwé atúmọ̀ èdè láti 1651, igba ọdún kí Lepsius tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn ni tóótó tiwọn ń sọ, kì í ṣe bí ẹnu ṣe máa là. Ayálégbé ni lẹ́tà wa. Ṣ tiẹ̀ ń gbé ládùúgbò mìíràn, ní 1E63. Ní ti ẹ́, èyí tó ní tóótó lábẹ́ tó tún ní ohùn lórí, kò ní ilé kankan rárá: e á wá, tóótó á dé, ohùn á gorí rẹ̀, bí ẹni tó ṣe fọ́ńtì náà kò bá sì fi ibi tí oníkálukú máa dúró hàn wọ́n, ohùn á lọ jókòó lórí lẹ́tà aládùúgbò. Ẹni tó bá ń ṣe Lẹ́tà Ọ̀pẹ ní láti fi ibùdúró méjì sí gbogbo fáwẹ̀lì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, kó sì ya ɛ àti ɔ pẹ̀lú ilé tiwọn, 025B àti 0254, kí ará Sakété má bàa di àlejò nínú fọ́ńtì ìlú rẹ̀.

Ìdájọ́ wa kò gùn. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọ̀dà Sakété, Pobè, Ìfàńhìn, Kétu àti Ajà-Wẹ̀rẹ̀: ẹ kọ́kọ́ tẹ tóótó sílẹ̀ ná kí ẹ tó ya lẹ́tà lé e lórí, nítorí ohun tí a fi sẹ́yìn iṣẹ́ ni a máa ń gbàgbé. Ẹ̀yin oníbàárà: nígbà tí ẹ bá ń dúnàá-dúrà lórí àkọlé ìsọ̀ yín, ẹ ka tóótó mọ́ ọn, kí ẹ sì san owó tiwọn lọ́tọ̀.